Kọ̀ǹpútà Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Jí: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ Sọ Ní Ìpàdé Ẹ̀ka

  

Ẹ óò rántí ìwé kúẹ̀rì tí a kà sétí ìgbọ́ yín ní ìpàdé tó kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa tí ó jẹ́ akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì kan ní agbègbè wa yìí ni wọ́n kọ ọ́ sí. A kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, a kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ ti parí, kò sì sí ìdí tí a fi máa tún fi ọwọ́ ro eérú rẹ̀. Ìwé náà sọ pé ó ba kọ̀ǹpútà ìjọba jẹ́, pé kí ó sọ ìdí tí a kò fi ní máa yọ owó ẹ̀rọ náà nínú owó oṣù rẹ̀ títí yóò fi tán. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fún un láti fi fèsì.

Inú bí àwọn ènìyàn gidigidi, kì í sì í ṣe ọ̀gá nìkan ni inú bí. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni àkọsílẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ náà wà: ọjọ́ tí a gba olúkúlùkù síṣẹ́, ọjọ́ ìbí, ìpele, ìgbéga tí ó kẹ́yìn, àti ìsinmi ọdọọdún. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọjọ́ orí 60 ni òfin ń wò kí a tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ó ti ṣe ọdún 33, tí ó ku ọdún méjì péré fún, bí àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí a gbà á síṣẹ́ bá sọnù, láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ni yóò máa sáré kiri, pẹ̀lú ìwé tí eku ti jẹ létí lọ́wọ́. Nítorí náà àwọn kan nínú àwa tí a jọ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ pàápàá ń sọ pé kí ó sanwó náà ni. Òtítọ́ ni a ń sọ fún ara wa níhìn-ín.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Windows 10 ni ẹ̀rọ náà ń lò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Microsoft ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10. Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ tí ó ń lò ó yóò kú lọ́jọ́ náà. Yóò máa ṣiṣẹ́ lọ bí ó ti ń ṣe, ṣùgbọ́n àtúnṣe tí ń dí ihò tí àwọn olè inú kọ̀ǹpútà ń gbà wọlé kò ní máa wá mọ́, àyàfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìgbà díẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ èyí lórí rédíò, bóyá apá kan rẹ̀ ni ó sì gbọ́, ó ní Windows 10 ti kú. Ó pe àbúrò wa, ó ní kí ó wá nǹkan ṣe sí i. Ẹnu ni ó fi pàṣẹ. Kò sí lẹ́tà, kò sí mẹ́mò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

Windows 11 kò ṣeé fi sínú ẹ̀rọ náà. Láti ìgbà tí ó ti jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni ó ti ń béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wa kò ní, pàápàá ẹ̀yà ara ìpamọ́ àṣírí kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Nítorí náà Ubuntu ni àbúrò wa mú. Ubuntu náà jẹ́ ètò olórí tí ń darí ẹ̀rọ bíi Windows, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni. Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ni ó dá a sílẹ̀, ó sì kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ilẹ̀ ọ̀hún ni Ubuntu, bí a bá sì fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù ni ìwà ọmọlúwàbí.

Dísíìkì méjì ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà: kékeré oníyára kan tí Windows wà, àti ńlá àtijọ́ kan tí àkọsílẹ̀ wà. Àbúrò wa fi Ubuntu sórí kékeré, kò fọwọ́ kan ńlá. Ó ti ẹ̀rọ pa, ó tún un tàn, ó jí. Gbogbo ọ́fíìsì wá wò ó. Wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́, wọ́n rí orúkọ ara wọn níbẹ̀, wọ́n ní ó kú iṣẹ́. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n sì yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, nítorí iná burúkú tí ń wá lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí wọ́n tàn án, ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri, àfi gbólóhùn funfun kan: "No bootable device". Ẹ̀rọ ń sọ pé òun wá dísíìkì tí yóò jí òun, òun kò rí. Kí oòrùn tó wọ̀, kúẹ̀rì ti délẹ̀.

Àwa mẹ́ta ni ẹgbẹ́ rán lọ. A bẹ ọ̀gá pé kí ó fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé kankan, ó sì gbà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èyí. Bí a ti ṣe é ni a fẹ́ sọ fún yín, kí ó má baà jẹ́ pé àwa mẹ́ta nìkan ni a mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jí. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì, kì í ṣe Windows tàbí Ubuntu ni ó kọ́kọ́ lajú. Ètò kékeré kan wà tí wọ́n kọ mọ́ inú bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é wá. Ti àtijọ́ ni wọ́n ń pè ní BIOS, ti ìsìnyí ni UEFI. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Ọlọ́dẹ yìí ni ó kọ́kọ́ jí, òun ni yóò yẹ ara ẹ̀rọ wò, bóyá mẹ́mọ́rì wà níbẹ̀, bóyá kíbọ́ọ̀dù wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí yóò ṣí ìwé tí a kọ ìtọ́sọ́nà sí fún un, yóò wo dísíìkì tí a ní kí ó kọ́kọ́ lọ kàn lẹ́kùn, yóò lọ kàn án, yóò sì fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Windows tàbí Ubuntu tó dìde. Bí ẹ̀rọ kò bá jí, iṣẹ́ tiwa ni láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dúró: ṣé ọlọ́dẹ ni kò jí, ṣé ó jí ṣùgbọ́n kò rí ilé tí yóò kàn, àbí ó kàn án ṣùgbọ́n ẹni inú ilé ni kò lè dìde. Àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n máa ń sọ pé kí a tún gbogbo rẹ̀ fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àkọsílẹ̀ ti ń ṣègbé.

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí kò sí iná, tí kò sí fáànù tí ń yí, tí ojú ẹ̀rọ kò kọ ohunkóhun, ẹ má ṣe dá ètò tuntun lẹ́bi. Ọlọ́dẹ fúnra rẹ̀ ni kò jí. Ẹ wo wáyà, ẹ wo ibi tí iná ti ń wọlé. Bí ó bá ń ké píì-píì láìfi àwòrán hàn, mẹ́mọ́rì ni a sábà máa ń fura sí. Nígbà ọyẹ́, eruku ilẹ̀ wa máa ń wọ ibi tí mẹ́mọ́rì jókòó sí. Ẹ yọ wáyà iná kúrò pátápátá, ẹ fa mẹ́mọ́rì yọ, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu etí rẹ̀ tí ó ní àwọ̀ wúrà, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún kẹ́kẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ti gbé jù sí ẹ̀yìn àga ni ó ti tipa èyí jí.

Ti àbúrò wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́dẹ tirẹ̀ jí, ó sì sọ̀rọ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a yọ gbogbo ohun tí wọ́n kì bọ ẹ̀rọ náà lára, pàápàá fúláàṣì tí ó fi ṣe iṣẹ́, tí ó ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má fi ojú kékeré wo èyí. Ẹ̀rọ mìíràn yóò máa kan ilẹ̀kùn fúláàṣì ṣáá, yóò sì máa bẹ̀rẹ̀ ìfisílẹ̀ náà lákọ̀tun lójoojúmọ́, onítọ̀hún yóò sì rò pé iṣẹ́ òun kò dúró ni. A yọ ọ́, a tún un tàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sọ.

A wá wọ inú ìwé ọlọ́dẹ lọ. Bọ́tìnnì tí a fi ń wọlé kò dọ́gba lórí gbogbo ẹ̀rọ: lórí òmíràn F2 ni, lórí òmíràn F10 tàbí Del tàbí Esc. A óò máa tẹ̀ ẹ́ léraléra bí a bá ti tan ẹ̀rọ, kí ó tó kọ ohunkóhun. Nígbà tí a wọlé, ohun méjì ni a rí. Èkíní, dísíìkì méjèèjì wà níbẹ̀, orúkọ wọn hàn gbangba. Ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀, nítorí dísíìkì tí ọlọ́dẹ bá rí kò tíì kú. Èkejì, ọjọ́ tí ẹ̀rọ kọ síbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún kan tí ó ti pẹ́ sẹ́yìn gan-an, kí ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì náà tó mọ ẹ̀rọ náà.

A bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ léèrè, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń ṣe. Àràárọ̀ ni a máa ń tún déètì rẹ̀ ṣe." Ó ti tó bí ọdún kan tí wọ́n ti ń tún un ṣe! Kò sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yé wa. Bátìrì kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, ó pẹlẹbẹ, ó rí roboto bíi kọ́bọ̀ àtijọ́. CR2032 ni orúkọ rẹ̀, fóòtì mẹ́ta ni agbára rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá ọlọ́dẹ rántí aago àti àwọn ìtọ́sọ́nà tí a kọ sínú ìwé rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Bí bátìrì yìí bá kú, tí a sì yọ wáyà kúrò lára ògiri, ọlọ́dẹ yóò gbàgbé gbogbo ohun tí a sọ fún un, yóò sì padà sí ohun tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kọ́ ọ. Nílùú tí iná kò ti í lọ, bátìrì yìí lè kú kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, tí NEPA, ẹ jẹ́ kí a ṣì máa pè é bẹ́ẹ̀, ń mú iná lọ nígbà tí ó bá wù ú, tí àwa náà sì ń yọ wáyà nírọ̀lẹ́, ojoojúmọ́ ni ọlọ́dẹ ń gbàgbé.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìgbàgbé yìí kò fi pa Windows 10 lára láti ọdún yìí wá, tí ó sì wá pa Ubuntu lára lóru ọjọ́ kan? A bi àbúrò wa pé kí ó sọ gbogbo ohun tí ó ṣe, kí ó má fi ọ̀kan pamọ́. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan sọ fún òun pé kí òun tó bẹ̀rẹ̀, kí òun yí ìlànà jíjí ẹ̀rọ kúrò ní UEFI sí Legacy, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ti ń ṣe é láti ìgbà Windows 7. Òun náà sì yí i.

Ẹ̀yin ará, ìlànà méjì ni ọlọ́dẹ lè fi kan ilẹ̀kùn. Legacy ni ti àtijọ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ pátápátá lórí dísíìkì ni ó ń kà, tí kò ju 512 byte lọ, ìlànà ìpín dísíìkì tí ó sì sábà máa ń bá a rìn ni MBR, tí kò lè ka dísíìkì tí ó bá ju 2 TB lọ tán. UEFI ni ti ìsìnyí. Yàrá kékeré kan lórí dísíìkì ni ó ń wá, níbi tí a kó àwọn fáìlì ìjídìde sí, GPT sì ni ìpín tí ó ń bá a rìn. Bí a bá fi Ubuntu sílẹ̀ nígbà tí ọlọ́dẹ wà ní Legacy, Legacy nìkan ni yóò lè jí i. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹ mọ̀ pé nígbà Ìgógo a kì í lu ìlù, agogo ni a ń lù. Bí onílù bá gbé ìlù rẹ̀ wá lásìkò yẹn, ì báà jẹ́ ọ̀gá nínú onílù, kò sí ẹni tí yóò gbà á láyè. Kì í ṣe pé kò mọ ìlù, àsìkò ni kò bá a mu. Báyìí ni ọ̀rọ̀ Ubuntu àbúrò wa rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó fi sílẹ̀, ọlọ́dẹ wà ní Legacy bí ó ti yí i sí, ẹ̀rọ sì jí. Nírọ̀lẹ́ wọ́n yọ wáyà, bátìrì ti kú, ọlọ́dẹ gbàgbé, ó padà sí UEFI tí ilé iṣẹ́ kọ́ ọ. Ní òwúrọ̀ ó wá yàrá UEFI lórí dísíìkì méjèèjì, kò rí i, ó ní kò sí ohun tí yóò jí òun. Windows 10 kò ní ìṣòro yìí nítorí UEFI ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Ọjọ́ nìkan ni ó máa ń dàrú lọ́dọ̀ tirẹ̀.

A kò tètè yọ̀. Kí a tó yí ohunkóhun padà, a mú fúláàṣì Ubuntu mìíràn, a fi í jí ẹ̀rọ, a sì yan "Try", èyí tí ó jẹ́ pé orí fúláàṣì ni yóò ti máa ṣiṣẹ́ láìkọ ohunkóhun sórí dísíìkì. Láti ibẹ̀ ni a ti ṣí dísíìkì ńlá. Àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀ pé. A kó gbogbo rẹ̀ sórí dísíìkì ìta kan, a tún kó o sórí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ọ́fíìsì náà. Bí ẹ óò bá gbàgbé gbogbo ohun tí a sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: kọ̀ǹpútà tí kò jí kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti sọnù. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù jáde, kí ẹ tó tún ilé ṣe.

Lẹ́yìn èyí a ra bátìrì kan nínú ìlú, owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ènìyàn mẹ́ta. A fi sí i, a tún ọjọ́ ṣe, a dá ọlọ́dẹ padà sí Legacy, ẹ̀rọ jí. A yọ wáyà fún wákàtí kan, a tún un tàn, ó jí. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, a ní kí àbúrò wa tún Ubuntu gbé kalẹ̀ lójú wa, ní UEFI lọ́tẹ̀ yìí, kí ó lè jẹ́ pé bí bátìrì tuntun náà bá kú lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ̀rọ yóò ṣì jí. Ó ṣe é láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

Èyí tí a fi ń kọ ètò sórí fúláàṣì ni a fẹ́ mẹ́nu bà díẹ̀. Ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lórí Windows ń jẹ́ Rufus, ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe Rufus ti Pólì wa o, bí àwọn kan ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń béèrè bóyá MBR ni a fẹ́ tàbí GPT. Ẹ má kàn tẹ èyí tí ojú yín bá kọ́kọ́ bà. Ẹ lọ wo ìlànà tí ẹ̀rọ yín ń lò ná, kí fúláàṣì lè bá a mu.

A tún fẹ́ sọ ti ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, olùkọ́ ni, apá Ìdóàní ni ó ti gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá wa. Tirẹ̀ jẹ́ tuntun, Windows 11 ni ó wà lórí rẹ̀. Ọmọ kan ní ládùúgbò fẹ́ fi ètò mìíràn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, ó sì pa ohun tí wọ́n ń pè ní Secure Boot, èyí tí kì í jẹ́ kí ọlọ́dẹ ṣílẹ̀kùn fún ètò tí kò bá ní òǹtẹ̀. Bí ó ti pa á báyìí, ojú ẹ̀rọ yí sí búlúù, ó ń béèrè nọ́ńbà 48. BitLocker ni èyí, àgádágodo tí Windows fi ti dísíìkì. Nígbà tí ó bá rí i pé a ti yí ìwé ọlọ́dẹ padà, yóò rò pé olè ni, yóò sì ní kí a mú kọ́kọ́rọ́ wá. Màmá kò mọ̀ rárá pé òun ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Nígbà tí wọ́n ń ṣí láptọ́ọ̀pù náà nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Èkó ni ó bá a forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft. A pe ọmọ náà lórí fóònù, ó wọ inú àkáǹtì yẹn, ó rí nọ́ńbà 48 náà níbẹ̀, ó kà á sí wa létí ní mẹ́fà mẹ́fà. Bí kò bá rí i, ọ̀rọ̀ náà ì bá le fún wa gan-an. Ẹ lọ kọ tiyín sílẹ̀ lónìí, kí ẹ fi í pamọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yín, kí ó má ṣe jẹ́ inú kọ̀ǹpútà kan náà ni ẹ fi í sí.

Bí ó bá jẹ́ pé ọlọ́dẹ kan ilẹ̀kùn, tí Windows fúnra rẹ̀ ni kò lè dìde, ẹ má ṣe sáré tẹ "Install". Bí ó bá kọsẹ̀ bí ìgbà mẹ́ta léra, Windows ìsìnyí máa ń ṣí yàrá ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi fúláàṣì Windows jí i, kí ẹ yan "Repair your computer". Startup Repair ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Bí kò bá gbọ́, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ wo lẹ́tà tí dísíìkì Windows ń jẹ́ níbẹ̀, nítorí ó lè má jẹ́ C mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ bcdboot C:\Windows, tàbí lẹ́tà tí ẹ bá rí. Yóò tún àwọn fáìlì ìjídìde kọ, kò sì ní fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ yín.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé òṣìṣẹ́ kékeré ni ó máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ilé iṣẹ́ ìdáàbòbò kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, CrowdStrike, fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀rọ oníbàárà rẹ̀, fáìlì kan nínú rẹ̀ sì ní àbùkù. Bí mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ kọ̀ǹpútà Windows káàkiri ayé ni kò lè jí. Ọkọ̀ òfurufú kò gbéra, ilé ìwòsàn dá iṣẹ́ dúró, báńkì tì. Ta ni ó tún un ṣe? Àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiyín ni, tí wọ́n ń lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa fáìlì kan ṣoṣo rẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi kúẹ̀rì lé ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́ nítorí ẹ̀rọ tí kò jí, ìbéèrè wa àkọ́kọ́ ni pé, ta ni ó yẹ ẹ̀rọ náà wò, kí sì ni ó rí?

A padà sórí àṣẹ ẹnu. Bí àbúrò wa bá ní ìwé tí ó sọ pé ọ̀gá ni ó ní kí ó ṣe iṣẹ́ náà, kúẹ̀rì yẹn ì bá má wáyé. Akọ̀wé ni wọ́n gbà á sí, kì í ṣe ẹ̀ńjìníà kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá tún sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín pé kí ó wá nǹkan ṣe sí ẹ̀rọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀." Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀yin gan-an ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn pé, "Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti pàṣẹ lónìí," kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá nínú ìwé ọlọ́dẹ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, tàbí kí ẹ fi fóònù yà á ní àwòrán. Àwòrán kan péré, ì bá ti fi ibi tí Legacy ti wọlé hàn wá lọ́jọ́ kìíní.

Ọ̀gá ti gba kúẹ̀rì náà padà. Lẹ́tà tí ó gbà á padà kò sọ pé wọ́n ṣe àṣìṣe, ó kàn sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí ni. A ti kọ̀wé padà pé kí wọ́n yọ kúẹ̀rì àkọ́kọ́ kúrò nínú fáìlì rẹ̀ pátápátá, kí ó má baà di ohun tí ẹlòmíràn yóò fà yọ nígbà ìgbéga, a sì ń dúró de èsì. A tún béèrè fún UPS kan fún yàrá náà. Èyí náà kò tíì dé.

Fúláàṣì tí a lò, tí Ubuntu wà lórí rẹ̀, wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka, pẹ̀lú bátìrì CR2032 mẹ́rin tí a fi owó ẹgbẹ́ rà. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá fúláàṣì kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin ará Ìfọ̀n, a ti ṣe ọ̀kan lọ́tọ̀ fún yín, kí ẹ má baà máa tìtorí rẹ̀ wọ mọ́tò wá sí Ọ̀wọ̀. Ẹ bá wa gbà á kí ẹ tó lọ.